Ọmọ Ọlọ Mọ́kànlá àti Ilẹ̀ Òkúta Ẹfun Àpòmù

Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ló sọ mí di òṣìṣẹ́ òkúta. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ìkirè ni, ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Mo ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Wásinmi. Ọ̀fìnkìn ń yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà, mo sì ń mu ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀. Mo jókòó sórí àwọn òkúta pẹlẹbẹ kan tí ọkọ̀ já sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ibi tí mo ti ń fún ọsàn, omi rẹ̀ kán sórí òkúta. Ó hó. Mo ní ó hó, bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ lé ìgbín lára. Mo tún fún òmíràn sí i, ó tún hó. Mo fetí lé e, mo gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣáá-ṣáá-ṣáá.

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi. "Ta ló ń da ọsàn sí òkúta mi lórí?"

Ọ̀gá Ràímì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ́ òkúta sílẹ̀ pálọ̀ ní Èkó, tó wá fi Ìkirè ṣe ibùjókòó. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Ó ń hó ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ó ń hó. Òkúta ẹfun ni. Ohun tó bá ti kan, ó ń jẹ ẹ́."

"Ṣé ó wà láàyè ni, sà?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí ojú kan lára òkúta náà. Mo rí ìkarahun kékeré kan níbẹ̀, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ó ká wéré bí ti ìgbín, òkúta sì ti di í mọ́ra. Ó ní, "Ó ti wà láàyè rí. Inú òkun ni gbogbo èyí wà, kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé."

Ìkirè rèé, òkun rèé! Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun nílùú wa á wọkọ̀ dé Èkó. Mo sì ń fi ìdí jókòó lórí òkun láàárín ìgboro. Láti ọjọ́ náà ni òkúta ẹfun ti mú mi, kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi lọ bẹ Ọ̀gá Ràímì lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní obìnrin kò lè gbé òkúta. Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ta ló ń gbé igi ìdáná ilé yín?" Ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀gá Ràímì fúnra rẹ̀ wá sílé wa láti wá sọ fún wa pé kí a má yọ òun lẹ́nu mọ́. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn. Ilẹ̀ amọ̀ lásán ni, irú èyí tí a ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé ra kó lè máa dán. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi.

Ó béèrè pé, "Ta ló ra ilẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Oúnjẹ ọ̀sán ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iyanrìn ni mo ń jọ̀. Kì í ṣe pé mo ń jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan o. N óò fi asẹ́ jọ̀ ọ́, n óò fi aṣọ jọ̀ ọ́, ọ̀gá á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fọ́n ọn sínú abọ́ omi. Bí omi náà bá pọ́n, ó di dandan kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kan òkúta wò. Ṣé ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe sí òkúta tí a ti tẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá wúwo, ó jókòó dáadáa lórí sìmẹ́ńtì. Bí ó bá dún bí ìkòkò òfìfo, afẹ́fẹ́ ń bẹ lábẹ́, yóò sì sán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àpótí wúwo kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbọ́ ohùn ìkòkò kan ṣoṣo nínú yàrá, yóò yọ òkúta náà, yóò sì wò mí bí ẹni pé mo jalè nílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlàfo wá ni ìyọnu gan-an. Kọ́bọ̀ ìgbà náà ní ihò láàárín. Ọ̀gá ti okùn bọ ihò kọ́bọ̀ kan, ó gbé e kọ́ ọrùn. Àlàfo tó wà láàárín òkúta kan àti èkejì kò gbọdọ̀ ju ìnípọn kọ́bọ̀ yẹn lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Yóò yọ ọ́ lọ́rùn, yóò fi tì í sínú àlàfo. Bí kò bá wọlé, o jẹ̀bi. Bí ó bá wọlé tó ń mì, o jẹ̀bi. Mo ti lálàá kọ́bọ̀ yẹn rí, ó ń lé mi kiri oko kòkó.

Tí a bá tẹ́ ilẹ̀ tán, ó kù kó tẹ́jú. Ọ̀gá ní irinṣẹ́ onígíláàsì tí ẹyin omi ń rìn nínú rẹ̀, tí a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ pátápátá. Igbá omi kan ni yóò dà sí àárín yàrá. "Irinṣẹ́ lè parọ́," báyìí ló máa ń wí, "omi kì í parọ́." Bí omi náà bá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà, iṣẹ́ ti parí.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin rẹ̀ lọ. Ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ òkúta. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Bí oníbàárà bá gbọ́ pé ọsàn ń jẹ òkúta, ṣé yóò rà á? Ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ tú ìdí iṣẹ́ síta." Mo gbà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í bá ọ̀gá jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà àti èmi pọ̀.

Àpòmù ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó, Bàbá Láníyì là ń pè é, kọ́ ilé tuntun, ó sì ní òun kò fẹ́ sìmẹ́ńtì lásán sí pálọ̀ òun. Òkúta ẹfun ló fẹ́. Kò tíì sí ẹni tó tẹ́ irú rẹ̀ rí ní Àpòmù. Pálọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, ó fẹ̀ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òkúta kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níhà gbogbo, nítorí náà òjìlúgba òkúta ló gbà. Láti ìhà Ewékorò lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kó wọn wá. Níbẹ̀, wọn a máa fi ayùn tí kò ní eyín gé e. Iyanrìn àti omi tí wọ́n ń dà sábẹ́ ayùn ló ń ṣiṣẹ́ eyín.

Ọ̀gá sọ fún mi pé, "Àṣàkẹ́, bí ilẹ̀ yìí bá dára, n óò fún ọ ní òmìnira iṣẹ́. Bí kò bá dára, o ó padà sídìí omi pípọn." A fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tẹ́ ẹ, a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì fi òkúta ìpọ́nbẹ kan ṣoṣo tí a ní yún un títí ó fi ń dán bí omi tó dákẹ́. Ìda oyin tí a óò fi pa á lójú ló kù, nítorí ìda ló ń dí ojú ihò wẹ́wẹ́ ara òkúta kí àbàwọ́n má baà wọlé. Ọ̀gá lọ wá ìda lọ sí Ìbàdàn, yóò sì ti ibẹ̀ lọ yan òkúta fún iṣẹ́ mìíràn. Ó fi mí ṣọ́ ilẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ ṣílé.

Ní Ọjọ́rú, mo rí agbọ̀n ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní kí n sọ ọ́. Mo rántí òfin ọ̀gá. Mo tún sọ fún ara mi pé ẹja ni wọ́n fẹ́ fi fọ̀. Mo gba ọjà lọ.

Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà nìyí. Àwọn ìyàwó ilé ń din dòdò Ìkirè fún àwọn òṣìṣẹ́, epo pupa rẹ̀ sì ń kán bọ̀ láti ilé ìdáná títí wọ pálọ̀. Ìyá Láníyì, ìyálé ilé náà, rí àbàwọ́n epo lórí òkúta funfun. Obìnrin onímọ̀ọ́tótó ni. Ó ronú pé, kí la fi ń fọ idẹ? Ọsàn wẹ́wẹ́. Kí la fi ń fọ àwo bàbà? Ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n fún agbọ̀n ọsàn náà tán sínú bàsíà, wọ́n fi kànìnkànìn fọ ilẹ̀ láti àárín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Mo ń bọ̀ láti ọjà, mo gbọ́ ohùn Ìyá Láníyì lókèèrè. "Àṣàkẹ́! Ìwọ ọmọ yìí, sáré wá! Ilẹ̀ ẹ ń hó o!"

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti hó tán. Ibi tí ń dán bí omi láàárọ̀ ti ṣú, ó rí ṣákiṣàki bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Mo kà wọ́n, àádóje òkúta ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mi ò lè sunkún.

Bàbá Láníyì wọlé dé. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó yára gbé ẹsẹ̀ kúrò. "Kí ló ṣe é?"

Ìyá Láníyì ní, "Ọsàn la fi fọ̀ ọ́, Bàbá Láníyì. Epo ló ta sí i."

"Ọsàn kẹ̀? Wọ́n ní òkúta ni wọ́n tà fún mi! Òkúta wo ni ọsàn ń jẹ? Ṣé ẹ̀bà ni?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, ṣé o mọ̀ pé ọsàn ń jẹ ẹ́?"

Òfin ọ̀gá wà lọ́tùn-ún mi, òótọ́ wà lósì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Mo mọ̀, sà. Láti ọjọ́ tí mo ti rí òkúta yìí ni mo ti mọ̀. Mo rí agbọ̀n ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí Ìyá. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Bàbá Láníyì ní, "Àbámẹ́ta ni àwọn èèyàn mi ń bọ̀. Bí ilẹ̀ yìí bá ṣì rí báyìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, sìmẹ́ńtì ni n óò dà lé e lórí, kí ọ̀gá ẹ gba òkúta ẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Òkúta ìpọ́nbẹ kan, ọwọ́ méjì, ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi yún un lákọ̀ọ́kọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lọ, mo ṣírò rẹ̀ bọ̀, kò bára mu. Ibi tí mo ti ń ṣírò ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń lọ ata lẹ́yìnkùlé, kuru-kuru, kuru-kuru. Mo dìde.

Ọmọ ọlọ! Òkúta tó le ju òkúta ẹfun lọ ni, tó fi ojú kan tẹ́jú, tó sì ti bá ọwọ́ obìnrin mu láti ọdún pípẹ́. Mo tọrọ ọ̀kan, mo bu iyanrìn tí mo fi aṣọ jọ̀, mo wọ́n omi sí i. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i bí mo bá bà á jẹ́. Mo yún òkúta kan níbẹ̀, mo ń ka ọwọ́ mi. Nígbà tí mo kà á dé ọ̀ọ́dúnrún ìlọ, mo fomi ṣàn án. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ ti lọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Láníyì. "Ìyá, ẹ bá mi kó ọmọ ọlọ jọ."

"Mélòó?"

"Iye tó bá wà ládùúgbò, mà."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. "Ọwọ́ tó bà á jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe."

Mọ́kànlá la rí. Obìnrin mọ́kànlá kúnlẹ̀ ní ìlà kan láti ògiri dé ògiri, èmi pẹ̀lú òkúta ìpọ́nbẹ mi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n jẹ́ kí iyanrìn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kò sì tán lẹ́nu wọn.

"Ẹni tó bá ṣe dòdò yẹn, kí ó mọ̀ pé mo ti bú u nínú."

"Ìwọ lo jẹ ẹ́ jù!"

"Bàbá Láníyì ní ẹ̀bà ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ká fi ọbẹ̀ sí i."

Ọjọ́bọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a fi iyanrìn sílẹ̀, a mú ewé ipin tí a fi ń ha igbá, a fi pọ́n ọn pẹ̀lú omi. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àwọn ìkarahun kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú padà nínú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Láníyì fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, "Ìgbín rèé!" Mo wá sọ ìtàn òkun fún wọn. Mo ti rú òfin kan, kí ló kù tí mo ń pa mọ́?

Ọ̀gá Ràímì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìda oyin lọ́wọ́. Ó bá obìnrin mọ́kànlá lórí eékún nínú pálọ̀ tó fi sílẹ̀ ní dídán. Ó bọ́ bàtà, ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ilẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì. Ó da igbá omi sáàárín. Omi náà dúró.

"Àṣàkẹ́, o ti tú ìdí iṣẹ́ síta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Láníyì ló gbà á sọ. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ ta òkúta fún mi, ẹ ò sọ ohun tó ń pa á. Ọmọ yìí ló sọ ọ́. Ẹni tó ta ẹṣin fún èèyàn tí kò sọ koríko tó ń pa ẹṣin fún un, ṣé ó ta ẹṣin?"

Ọ̀gá yọ́ ìda, ó sì gbé aṣọ ìpara kan fún Ìyá Láníyì fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pa òkúta àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn àlejò tó jẹun tán, ènìyàn méjì ti bi ọ̀gá ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ máa dilẹ̀.

Ẹ má rò pé ó fún mi ní òmìnira lọ́jọ́ yẹn o. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún mú mi jọ̀ iyanrìn la òjò ọdún kan já, ó ní nítorí agbọ̀n ọsàn tí mo rí tí mo fẹsẹ̀ kọjá lára rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí ó tó àkókò, ó yọ kọ́bọ̀ ọrùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Láti òní lọ, kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, o ó pe àwọn obìnrin ilé jọ, o ó bá wọn sọ̀rọ̀ òkúta." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. A ó pè wọ́n jọ, a ó fún ọsàn sórí àfọ́kù òkúta kan lójú wọn kí wọ́n rí i bó ti ń hó. Omi ògì tó kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ọtí kíkan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lásán àti ọṣẹ dúdú díẹ̀ ni tirẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Lẹ́yìn òmìnira ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tí ń yún ilẹ̀, tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi wákàtí kan ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́, eékún mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tẹráásò gbòde, àfọ́kù òkúta tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo kọ́ ọ, nítorí àfọ́kù òkúta ẹfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ló kàn pààrọ̀ aṣọ. Ní ìsinsìnyí, táìsì ló wà níbi gbogbo. Àwọn ọmọ tó ń tẹ́ ẹ ń fi ike kékeré sí àlàfo, ike náà sì ń ṣe iṣẹ́ kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í kàn án gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́, ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ tí ó ń mú èèyàn kúnlẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ nílé. Ilẹ̀ amọ̀ ìyá àgbà ló gbà mí wọlé, ọlọ ata ló gbà mí là. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ọ̀gá yín bá sì ní kí ẹ má sọ ohun tó lè ba ọjà jẹ́ fún ẹni tó rà á, ẹ rántí agbọ̀n ọsàn mi.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Àpòmù. Bàbá Láníyì àti ìyálé rẹ̀ ti lọ tipẹ́, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló wà nílé. Obìnrin ilé kan gbé ọsàn wẹ́wẹ́ bọ̀ láti ọjà, ó yà gba ẹ̀yìnkùlé.

Mo béèrè pé, "Kí ló dé tó ò gba pálọ̀ kọjá?"

"Èèwọ̀ ilé wa ni, mà. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wọ pálọ̀. Láti ayé àwọn baba ńlá ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì sọ ibi tí èèwọ̀ náà ti wá fún un.

Mo gbé igi títọ́ tí mo mú dání kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ jù, kí n lè rí bí ẹsẹ̀ ti jẹ òkúta wọlẹ̀ tó láti ọjọ́ yẹn. Mo yọ kọ́bọ̀ ọrùn mi, mo fi tì í sínú àyè tó wà lábẹ́ igi náà. Kò wọlé. Ọmọ ọmọ mi ya ewé láti inú ìwé rẹ̀, a ń tì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àyè fi tán. Láti ọjọ́ ìṣílé títí di oṣù tó kọjá, gbogbo ẹsẹ̀ Àpòmù tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, tó gbà á jáde, ewé ìwé mẹ́jọ ni wọ́n rí jẹ.